Bí a ṣe ń gba aláwàdà Júù lálejò ní Òṣogbo

Alága ìjókòó ni mí nílùú Òṣogbo. Ẹnu ni mo fi ń jẹun. Tí ẹ bá ti bá ọkọ ìyàwó kan wá síbi ìdána ní Ògo-Olúwa tàbí Òkè-Fíà rí, ó ṣeé ṣe kí n ti gba owó ìṣílẹ̀kùn lọ́wọ́ yín. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, àwa díẹ̀ gba aláwàdà Júù kan láti Lọ́ńdọ̀nù lálejò nígbà ọdún Ọ̀ṣun. Ó ṣeré, wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé bàbá kan gbé fìlà rẹ̀ jù sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn MC ẹlẹgbẹ́ mi ti ń pè mí, tí gbogbo wọn sì ń béèrè iye tí a san fún un. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tí mo sọ kó tó gun orí ìtàgé, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Aláwàdà tó ti òkèèrè wá kò lè gbé àwùjọ kọjá ibi tí ẹni tó ṣáájú rẹ̀ bá gbé wọn dé. Ẹni tó máa di máíkì mú ṣáájú àlejò ni mò ń bá sọ̀rọ̀, àti ẹni tó máa wá ilé àti oúnjẹ fún un.

Ẹ mú kàlẹ́ńdà kí ẹ tó tẹ pósítà

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa bi í ni bóyá ó ń pa Sábáàtì mọ́. Ẹ má fi ojú wò ó kí ẹ sì pinnu fún un. Júù wà tí kì í fọwọ́ kan fóònù lọ́jọ́ Sátidé, òmíràn sì wà tó jẹ́ pé Sátidé ló ń pawó jù. Sábáàtì ń bẹ̀rẹ̀ kí oòrùn ọjọ́ Ẹtì tó wọ̀, ó ń parí nígbà tí ìràwọ̀ bá yọ lálẹ́ Sátidé, nǹkan bíi wákàtí 25. Lóṣù kẹjọ ní Òṣogbo, oòrùn ń wọ̀ nígbà tó bá kù díẹ̀ kí aago méje lù. Tó bá jẹ́ alẹ́ Sátidé ni eré, ẹ kọ aago mẹ́jọ àbọ̀ sórí pósítà. Ará Òṣogbo á dé ní mẹ́sàn-án, àlejò yín á ti gbàdúrà ìparí Sábáàtì, á ti wẹ̀, á ti wọṣọ. Mi ò rí i rí kí pípẹ́ dé wa ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní àfi lọ́jọ́ náà.

Oṣù kẹjọ yìí ní kòtò kan tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Àwọn Júù ní ààwẹ̀ kan tó ń jẹ́ Tisha B'Av, tí wọ́n fi ń ṣọ̀fọ̀ Tẹ́ḿpìlì Jerúsálẹ́mù tí àwọn ọ̀tá wó lẹ́ẹ̀mejì. Ó máa ń bọ́ sáàárín oṣù keje sí oṣù kẹjọ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án tó parí sí i, ẹni tó bá di ẹ̀sìn náà mú kì í lọ síbi orin, kì í ṣe àríyá, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ pé kó dúró lójú agbo máa pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Lọ́dún 2024, alẹ́ ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ni ààwẹ̀ náà wọlé. Ẹ ò rí i pé ìgbà tí ìlú wa ń jó gan-an ni ọwọ́ ẹlòmíràn wà lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó tún kù: oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá ni ọdún tuntun wọn àti ọjọ́ Ètùtù ń bọ́ sí. Ẹ fi déètì ránṣẹ́ sí i kí ẹ tó san owó gbọ̀ngàn.

Nípa ọdún Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀, ọjọ́ Ẹtì ni Arugbá sábà máa ń lọ sódò. Ọ̀nà Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun kì í gba ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Tí àlejò yín bá fẹ́ wo èrò, ẹ ti mú un padà sílé kí aago márùn-ún tó lù, nítorí oòrùn kì í dúró de ọlọ́pàá ojú pópó. Ẹ má sì kàn gbé e wọ inú igbó Ọ̀ṣun láì béèrè. Òótọ́ ni pé UNESCO ti fi igbó náà kún ogún àgbáyé láti 2005, tí òyìnbó ń wá a láti ibi gbogbo. Síbẹ̀, Júù tó bá le lórí òfin lè ní òun kò gbọdọ̀ dúró níbi tí wọ́n ti ń bọ òrìṣà. Ẹlòmíràn á bá yín wọlé, á sì ya fọ́tò títí bátìrì á fi kú. Èyí tó bá sọ nínú méjèèjì, ẹ gbà á fún un.

Ibi tó máa sùn: yàrá ìsàlẹ̀, kọ́kọ́rọ́ onírin, ilé ìtura tó ṣeé fẹsẹ̀ rìn dé gbọ̀ngàn. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Lọ́jọ́ Sábáàtì kì í tan iná, kì í paná, kì í wọkọ̀, kì í fọwọ́ kan owó. Ilẹ̀kùn oníkáàdì tó ń dún píì á tì í mọ́ta. Ẹ bá àwọn tó ń tọ́jú yàrá sọ ọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kí wọ́n fi iná balùwẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n má sì wọlé wá pa á pé àwọn ń ràn án lọ́wọ́.

Edé

Gbogbo wa mọ̀ pé Júù kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí ilé wa ti kọ́ wa ní ìyẹn. Ibi tí ilé alásè ti máa dojú rú ni edé. Òfin wọn ní ẹja tó bá ní lẹbẹ àti ìpẹ́ nìkan ni wọ́n ń jẹ. Edé kò ní ìpẹ́, alákàn kò ní, ìgbín kò tilẹ̀ sí nínú ọ̀rọ̀. Ẹja àrọ̀ tí a fi ń yẹ́ àlejò sí, ara rẹ̀ ń yọ̀ ni, kò ní ìpẹ́ kankan: èèwọ̀. Ẹ wá ro ó wò, ìkòkò ọbẹ̀ mélòó ló wà ní Òṣogbo yìí tí wọn kò tíì da edé gbígbẹ sí rí?

Ẹ̀pìyà ni kí ẹ rà. Ẹ rà á lódidi, kí ìpẹ́ wà lára rẹ̀, kí àlejò fi ojú ara rẹ̀ rí i kí ẹ tó ha á. Ẹ dé ọjà Ìgbọ̀nà, ẹ ra ìkòkò tuntun, ọ̀bẹ tuntun àti àwo tuntun, kí ẹ kó wọn sọ́tọ̀, kí ẹnikẹ́ni má yá a fi po àmàlà. Kúùbù tí a ń sọ sọ́bẹ̀, ẹ ka ara páálí rẹ̀ nítorí edé wà nínú òmíràn. Ẹran màlúù àti ti adìẹ, ẹ fi sílẹ̀. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ Mùsùlùmí ló dú u, àwọn Júù ní ẹni tiwọn tó kọ́ iṣẹ́ ẹran dídú, ẹ ò sì ní rí i ní ọjà Ọba. Wàrà pẹ̀lú ẹran lórí àwo kan náà, ìyẹn náà kò sí.

Àwọn mìíràn wà tí kò ní jẹ ohunkóhun tí ẹ bá sè, tí wọ́n á kó oúnjẹ agolo wá láti ilé. Ẹ má bínú. Ẹ má sì máa sọ pé "ẹ tọ́ ọ wò díẹ̀". Ẹ wá ohun tí kò mọ ìkòkò: àgbàdo sísun, bọ̀ọ̀lì, iṣu sísun, ẹ̀pà, ọsàn. Ìyá tó ń sun àgbàdo nítòsí Ọláìyá ló bọ́ àlejò tiwa ju èmi lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú tó fẹ́ lọ, ó lọ dágbére fún un kó tó wá dágbére fún mi, mo sì rántí rẹ̀.

Ẹlòmíràn ẹ̀wẹ̀ á jẹ ìgbín lójú yín, á bu edé sí i, á ní ẹnu ìyá òun ni òun ti ń gbọ́ kosher, ìyẹn òfin oúnjẹ wọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ béèrè.

Iṣẹ́ wa ló ń ṣe

Ẹ má bẹ̀rù rẹ̀ pé òyìnbó ni. Láàárín àwọn Júù Ìlà-Oòrùn Yúróòpù, oníṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní badkhn. Ibi ìgbéyàwó ni tirẹ̀. Á dúró níwájú ìyàwó, á máa fi ewì bá a sọ̀rọ̀ nípa ilé ọkọ tó ń lọ títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà á yíjú sí àwọn àlejò, á fi ìdílé méjèèjì ṣe yẹ̀yẹ́ títí wọ́n á fi máa di ikùn mú. Ẹ sọ fún mi, ta lẹ mọ̀ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Sátidé? Nígbà tí mo ṣàlàyé iṣẹ́ alága fún àlejò wa, ìbéèrè kan ṣoṣo tó bi mí ni bóyá wọ́n máa ń san owó mi tán.

Láti Yúróòpù ni wọ́n ti gbé ẹnu náà dé Amẹ́ríkà. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé ìtura kò gba Júù láyè, wọ́n dá tiwọn sílẹ̀ lórí òkè Catskill ní ìpínlẹ̀ New York, ibẹ̀ sì di ilé ẹ̀kọ́ fún àwọn aláwàdà wọn. Jackie Mason tó kú ní 2021 ti gba oyè rábì, ìyẹn olùkọ́ ẹ̀sìn Júù, kó tó sọ ara rẹ̀ di aláwàdà, bàbá rẹ̀ àti àwọn arákùnrin rẹ̀ sì jẹ́ rábì. Lọ́dún 2013, iléeṣẹ́ ìwádìí Pew bi àwọn Júù Amẹ́ríkà ní ohun tó pọn dandan nínú jíjẹ́ Júù. Mejìlélógójì nínú ọgọ́rùn-ún ló ka ẹ̀mí àwàdà mọ́ ọn. Nítorí náà, tí àlejò yín bá ń ṣe yẹ̀yẹ́ Ọlọ́run lórí oúnjẹ, ẹ má pe pásítọ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ dàgbà nìyẹn.

Ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ mú lò ni Gad Elmaleh. Ọmọ Júù ni, Casablanca ní Mòrókò ni wọ́n bí i sí ní 1971. Ó di ìlúmọ̀ọ́ká ní Faransé, kò sí gbọ̀ngàn ńlá tí kò kún nítorí rẹ̀. Ó wá kó lọ sí New York ní 2015, ó lọ ń dúró nínú àwọn yàrá àwàdà kéékèèké tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n, ó ń tún gbogbo eré rẹ̀ tò ní Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2017 ó dé Carnegie Hall, gbọ̀ngàn olókìkí ní New York. Ní 2018 Netflix gbé eré rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì jáde. Ẹ wo bí ẹni tó ti dé òkè ṣe tún padà sísàlẹ̀ kí àwùjọ tuntun tó gbà á. Tí àlejò yín bá ní òun ò ní yí nǹkan kan padà nínú eré òun nítorí Òṣogbo, ẹ sọ ìtàn yìí fún un.

Àwùjọ náà ní ìtàn tiwọn tí ẹ lè fi ṣí ojú wọn. Lọ́dún 1964, Dúró Ládípọ̀ kó àwọn òṣèré Òṣogbo lọ sí Berlin, wọ́n fi Yorùbá ṣeré Ṣàngó fún àwọn ará Jámánì. Ulli Beier tó bá a dá Ḿbárí Ḿbáyọ̀, ilé iṣẹ́ ọnà àti eré, sílẹ̀ níbí ní 1962, dókítà Júù ni bàbá rẹ̀. Nígbà tí Hitler gbàjọba, ìdílé náà ti Jámánì kó lọ sí Palẹ́sínì. Èmi fi ìyẹn ṣí ètò. Mo ní: "Ẹ̀yin àgbà tó mọ Ḿbárí, ẹ nawọ́." Àwọn àgbà mélòó kan nawọ́ lọ́wọ́ iwájú, wọ́n jókòó dáadáa. Látìgbà náà, àlejò ti kúrò ní òyìnbó kan tí wọ́n mú wá. Ó ti di ara ìtàn ìlú.

Gbígbìn

Ibi tí iṣẹ́ wà rèé, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀.

Ẹ jókòó ti àlejò lọ́sàn-án kan, kó ṣe gbogbo àwàdà rẹ̀ fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ máa kọ ọ́. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ bi ara yín pé: kí ló yẹ kí Ìyá Rìsíkátù tó jókòó ní ìlà kẹta ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ kí èyí tó lè pa á lẹ́rìn-ín? Tí ìdáhùn bá ju gbólóhùn kan lọ, kí àwàdà náà padà sí Lọ́ńdọ̀nù. Ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ lọ. Àdúgbò Júù tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ lọ. Dókítà tó ń gbowó láti jókòó gbọ́ ìṣòro èèyàn náà lọ, nítorí níbí ọ̀fẹ́ ni ìyá ọkọ ń ṣe ìyẹn, á tún gbà yín nímọ̀ràn tí ẹ kò béèrè.

Ohun tó kù á pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ: ìyá, oúnjẹ, ìyàwó gbígbé, ọmọ tí kò di dókítà, àríyànjiyàn pẹ̀lú Ọlọ́run. Mósè kò nílò àlàyé ní Òṣogbo. Kìrìsìtẹ́nì mọ̀ ọ́n, Mùsùlùmí ń pè é ní Ànábì Músá, inú ilé kan náà sì ni àwọn méjèèjì ti ń jẹun. Àwọn Júù Yúróòpù ń fi orúkọ bàbá àgbà tó ti kú sọ ọmọ tuntun, Babátúndé mélòó ló sì wà nínú gbọ̀ngàn?

Ohun tí ẹ bá rí pé àwùjọ nílò, ẹ gbìn ín nínú ọ̀rọ̀ ìṣíde yín láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀. Àlejò wa ní àwàdà kan lórí ìdádọ̀dọ́, nítorí ọjọ́ kẹjọ ni Júù ń kọlà fún ọmọkùnrin. Mo mọ̀ pé tí ó bá kàn sọ "ọjọ́ kẹjọ", wọ́n á gbọ́ ọ bí ọjọ́ kan ṣáá. Torí náà, nígbà tí mo ń kí àwọn ìyá ọlọ́mọ, mo pè wọ́n: "Ọmọ tuntun jòjòló, ọjọ́ kelòó la ń sọ ọ́ lórúkọ?" Gbogbo ilé dáhùn: "Ọjọ́ kẹjọ!" Mo ní, "Kí la máa ń fún un?" Wọ́n ní oyin, iyọ̀, ataare. Mo ní, "Ẹ ṣeun, ọmọ á jẹ oyin ayé," mo sì kọjá sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ó tó ìdajì wákàtí kí àlejò tó débẹ̀. Ó ní, "Nílé wa náà, ọjọ́ kẹjọ la ń ṣe àlejò fún ọmọ. Gbogbo ẹbí á pé. Àlùfáà á dé." Ó dákẹ́. "Kò mú oyin wá." Mo rí ìyá kan tó di iwájú aṣọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ mú. Ẹ̀rín tó bẹ́ níbẹ̀, gbólóhùn mẹ́rin ló fi rà á, ṣùgbọ́n èmi ti san àsansílẹ̀. Ó kàn gba ọ̀rọ̀ oyin yìí lọ́wọ́ mi lẹ́yìn tó gbọ́ bí àwọn èèyàn ṣe dáhùn ni, kò sí nínú eré rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Aláwàdà tó bá mọṣẹ́ á jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn nígbà tí ẹ bá ń ṣíde, á máa gbọ́.

Ògbufọ̀ ń kọ́? Rárá. Ẹ má fi ẹnikẹ́ni sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé kó máa túmọ̀. Kí ògbufọ̀ tó sọ̀rọ̀ tán, apá kan ti rẹ́rìn-ín, apá kejì ń bi apá kìíní pé kí ló sọ, aláwàdà á sì dúró síbẹ̀ bí ẹni tó ń retí ṣéńjì lọ́wọ́ kọ́ńdọ́. Ẹ ní kó rọra máa sọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, kó má máa gbé ọ̀rọ̀ mì bí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù, kó sì fi àwàdà mẹ́ta sílẹ̀ níbi tí ì bá ti ṣe márùn-ún.

Ojú àánú wa ni wàhálà tó le jù. Àwọn aláwàdà Júù ń bú ara wọn, ìyá wọn sì ń bú wọn pọ̀ mọ́ ọn. Tiwa ní àwàdà kan pé láti ọjọ́ tí òun ti ń ṣeré, ẹ̀ẹ̀kan ni ìyá òun wá wò ó, ó sì sùn. Ní Lọ́ńdọ̀nù wọ́n ń kú sẹ́rìn-ín. Mo ní kó dán an wò níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi. Gbogbo wọn dákẹ́. Ọ̀kan ní, "Háà. Ẹ pẹ̀lẹ́ sà." Èkejì ní, "Ẹ foríjì í, ìyá ni." Ẹni tó kẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún un. Ojú ọkùnrin náà ràn.

Ọ̀nà àbáyọ rẹ̀ ni pé kí alága kọ́kọ́ fi ara rẹ̀ ṣe é. Mo ṣíde pẹ̀lú ìyá tèmi: pé nígbà tí ó fẹ́ ṣe òde àádọ́rin ọdún, alága mìíràn ló pè, ó ní ohùn mi ti sú òun láti ìgbà tí mo ti ń sunkún lọ́mọ ọwọ́. Wọ́n mọ ìyá mi, wọ́n mọ̀ mí, wọ́n sì rí i pé n kò sunkún, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹnu ọ̀nà ti ṣí. Nígbà tí àlejò gbé ìyá tirẹ̀ dé, kò sẹ́ni tó ní pẹ̀lẹ́ mọ́.

Àwàdà nípa ikú, ẹ kìlọ̀ fún un ṣáájú. Ní kété tó bá dárúkọ òkú, wọ́n á yí ọwọ́ sókè orí, wọ́n á ta ìka dànù, wọ́n á ní "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́." Kì í ṣe pé wọ́n bínú. Kó dúró kí wọ́n ṣe é tán, kó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Bákan náà, ẹni tó dìde sáré jáde tó ń lu ògiri, kò lọ sílé, ẹ̀rín ló ń rín. Ó yẹ kí ẹ sọ èyí fún àlejò kó má baà rò pé wọ́n ń fi òun sílẹ̀.

Ẹ tún fi àyè kan sílẹ̀ nínú eré fún ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí i níbí. Èyí tó pa wọ́n jù lọ́jọ́ náà, yàrá ilé ìtura ló ti rí i. Ó ní òun jókòó láàárọ̀ Sábáàtì láì gbọdọ̀ fọwọ́ kan iná, iná ń lọ fúnra rẹ̀, ó ń bọ̀ fúnra rẹ̀, ó tún ń lọ. Ó ní òun ti dé ọ̀pọ̀ ilẹ̀, òun kò tíì rí orílẹ̀-èdè tí iná mọ̀nàmọ́ná rẹ̀ bẹ̀rù Ọlọ́run báyìí. Ibẹ̀ ni bàbá yẹn ti gbé fìlà jù.

Onílù

Tí ẹ bá fẹ́ onígángan níbẹ̀, ẹ bá a sọ̀rọ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Bí òwe bí òwe là ń lu ìlù àgídìgbo, àlejò kò sì gbọ́ òwe náà. Nígbà tí a ń dán eré wò, aláwàdà ń tẹ̀ síwájú nínú ìtàn kan, kó tó dé ibi ẹ̀rín, gángan ti fèsì: "Irọ́ ni, irọ́ ni." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà wo ara rẹ̀ bóyá ṣòkòtò ya. Láti ìgbà náà, òfin mi ni pé kí onílù jókòó níbi tí aláwàdà ti lè rí ọwọ́ rẹ̀, kó sì má kan awọ títí n ó fi gbé abẹ̀bẹ̀ sókè.

Ṣùgbọ́n onílù yẹn náà ló kọ́ ọ ní gbólóhùn Yorùbá kan ṣoṣo tó sọ. Ẹ má kọ́ àlejò ní "ẹ káalẹ́", gbogbo òyìnbó ló ń sọ ọ́. Mo bi í ní ọ̀rọ̀ tí ìyá rẹ̀ ń sọ jù lórí fóònù, ó ní ó máa ń béèrè bóyá òun ti jẹun. Mo ní ó parí. "Ṣé ẹ ti jẹun?" Onílù lù ú fún un: ohùn kan lókè, ìyókù dúró ní àárín. Ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e títí ó fi mọ́ ọn lẹ́nu, láìsí pé ó ń fi imú sọ ọ́. Lórí ìtàgé, nígbàkígbà tí ìyá rẹ̀ bá wọ inú ìtàn, gángan ló ń béèrè ìbéèrè náà. Lẹ́ẹ̀kẹta, àwùjọ ló ń béèrè rẹ̀.

Gbọ̀ngàn

Díẹ̀ ni mo ní sọ. Ẹ to àga ní ìlà, ẹ má gbé tábìlì róńdò síbẹ̀. Ẹ bọ́ èèyàn kí eré tó bẹ̀rẹ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀; kò sí àwàdà tó lè bá ìrẹsì tó ń kọjá jà. Jẹnẹrétọ̀ á wà lẹ́yìn ògiri kejì. Iná á wà lójú aláwàdà, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ kíyè sí ìlà iwájú. Níbi tiwọn, ẹni tó bá jókòó síwájú ni aláwàdà ń bá ṣeré. Níbi tiwa, ìjòyè ló jókòó síwájú. Ẹ wá ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ara wọn gba yẹ̀yẹ́, ẹ fi wọ́n sí ìlà kejì, ẹ fi wọ́n han àlejò. Kó má fi ọwọ́ òsì nawọ́ sí ẹnikẹ́ni. Èyí ni kí ẹ tẹnu mọ́ jù, nítorí ọwọ́ ọ̀tún ló fi di máíkì mú.

Ísírẹ́lì

Ẹ má kọ "aláwàdà Ísírẹ́lì" sórí pósítà fún ẹni tó jẹ́ ará Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀rọ̀ Gásà gbóná lọ́kàn àwọn èèyàn, Mùsùlùmí pọ̀ nílùú yìí, ẹ jẹ́ kí ẹ̀yin àti àlejò jókòó sọ ọ́ tẹ́lẹ̀: ṣé ó máa fọwọ́ kàn án, tàbí kò ní fọwọ́ kàn án. Tiwa ní òun wá ṣeré ìyá òun ni. Mo bọ̀wọ̀ fún ìyẹn. Ẹ sọ fún ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ohun tí wọ́n máa ṣe tí ẹnìkan bá pariwo, kí ẹ̀yin alága gba máíkì, kí àlejò má dá a lóhùn.

Láti apá kejì, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì á fẹ́ kó gbé ọwọ́ lé àwọn lórí. Ìyá kan tó ti lọ Jerúsálẹ́mù, tó ń kọ JP sẹ́yìn orúkọ rẹ̀, mú òróró wá fún un láti gbàdúrà sí. Ọkùnrin náà ní òun kò tíì dé Jerúsálẹ́mù rí. Ìyá náà wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní kó máa bọ̀, òun á gbàdúrà fún un. Ẹ jẹ́ kí irú èyí ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn eré, níwájú ilé, kí ẹ sì wà nítòsí.

Ìwé àti owó

Ẹni tó bá máa gbowó iṣẹ́ kì í fi ìwé arìnrìn-àjò afẹ́ wọ̀lú. Ẹ bi àwọn aṣọ́bodè léèrè ní kùtùkùtù, kí ó sì ní káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú lọ́wọ́. Ẹ má rò pé aláwàdà ni, wọ́n á fojú fò ó: Lenny Bruce, aláwàdà ará Amẹ́ríkà tí òun náà jẹ́ Júù, ìjọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ fún un láti wọ̀lú ní 1963. Ọ̀sán ni kí ẹ fi gbé e láti Èkó.

Ẹ san owó rẹ̀ kí ọjọ́ Ẹtì tó dé. Tí ẹ bá gbé àpò owó fún un lọ́sàn-án Sátidé, kò ní gbà á, ẹ̀yin á rò pé ó kéré lójú rẹ̀. Nínáwó lórí ìtàgé, ẹ gbà á láyè níparí nìkan, kí ọmọ iṣẹ́ yín kan máa ṣa á, nítorí aláwàdà tó bá ń bẹ̀rẹ̀ kó owó nílẹ̀ kò lè sọ̀rọ̀.

Fóònù ló kù. Àwàdà tí àlejò ṣe ní Òṣogbo ló tún fẹ́ lọ ṣe ní Àkúrẹ́ àti Manchester. Tí wọ́n bá ti gbé e sórí TikTok lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ ti ba ọjà rẹ̀ jẹ́. Ẹ fún àwùjọ ní ìṣẹ́jú márùn-ún níparí láti ya fídíò bí wọ́n ṣe fẹ́, kí ó fi èyí tó ṣe nípa iná mọ̀nàmọ́ná dá wọn lọ́lá. Ṣáájú ìgbà náà, ẹni tó bá gbé fóònù sókè, ẹ bi í láti orí máíkì pé ọmọ ta ni, kí onílù sì fi oríkì rẹ̀ wá a kàn. Fóònù á wálẹ̀.